Ẹjọ́ Tèmi-yé-mi

Ajá wa tún ti jẹ ẹ́.
Mo ká a mọ́ ẹ̀yìn balùwẹ̀ láàárọ̀ yìí,
ó ń lá ẹnu bí ẹni tó jẹun ọdún,
ìrù rẹ̀ ń gbálẹ̀,
ó sì fẹ́ fi ẹnu kan náà wá kí mi káàárọ̀.

"Tèmi-yé-mi! Padà!"
Ó padà. Ó jókòó. Ó ń wò mí
bí akẹ́kọ̀ọ́ tó gbọ́ ìbéèrè, tí kò rí ibi tó le níbẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé tí mo ti dé sí Ìjárá
tí èmi àti ajá ìyá àgbà ń jà nítorí ìgbẹ́.
Mo kọ́kọ́ gún ata rodo, mo bù ú wọ́n orí rẹ̀:
ó sín lẹ́ẹ̀mẹta, omi bọ́ lójú rẹ̀,
ó jẹ ẹ́ tán, ó lọ mumi nínú garawa mi.
Mo da eérú bò ó. Ó fi èékánná hú u jáde.
Fọlọ́runṣọ́ tó ń tún ọ̀kadà ṣe ní oríta
ní kí n máa gé ọ̀pẹ̀ òyìnbó sínú oúnjẹ rẹ̀.
Àwọn ọmọ Ìyá Ìbítóyè ló jẹ ọ̀pẹ̀ òyìnbó náà.

Mo wọ mọ́tò lọ sí Òmù-Àrán, lọ́dọ̀ dókítà ẹran.
Ó ní, "Kí lẹ ń fún un jẹ?"
Mo ní, "Èépá ẹ̀bà."
"Ìgbà wo ló lo oògùn aràn kẹ́yìn?"
Mo wo ògiri.
Ó ní, "Ẹ bọ́ ọ yó. Ẹ lé aràn kúrò nínú rẹ̀.
Kí ẹ sì máa tètè kó o nílẹ̀ kó tó rí i."

Mo ra oògùn, mo ra orí ẹja, mo ra ṣọ́bìrì.
Ìyá àgbà jókòó sídìí ògiri, ó ń bó ẹ̀gúsí.
Ó rí ṣọ́bìrì yẹn,
ó rẹ́rìn-ín títí ìborùn rẹ̀ fi já bọ́.

"Ìwọ Bámgbóyè,
ta lo rò pé ó ń nù ọ́ nídìí nígbà tó o ṣì ń rákòrò?
Odò jìnnà. Bébà, ta ló ra bébà?
Ìyá rẹ a gbé ọ lé ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì,
a súfèé, a ní, 'Wá o, wá o, wá o,'
ìyá ìyá ajá yìí a sáré dé,
a lá ilẹ̀ mọ́, a lá ìwọ náà mọ́,
ìwọ a máa rẹ́rìn-ín, o ò ní fẹ́ kó tán.
Àwa la pè é sídìí oúnjẹ yẹn.
Iṣẹ́ ni nígbà náà.
Ìgbà tó o kàwé tán ní Ìlọrin ló di ẹ̀gbin."

Mo dúró pẹ̀lú ṣọ́bìrì lọ́wọ́.
Wọ́n ní ẹni tó ṣu sílẹ̀ a máa gbàgbé,
ẹni tó kó o kì í gbàgbé.
Ẹni tó jẹ ẹ́ ńkọ́?
Ta ló bi í?

Nígbà tílẹ̀ ṣú, mo tan tọ́ọ̀ṣì, mo tẹ̀ lé e.
Ó gba ẹ̀yìn ilé ìwé, ó gba ìdí igi kaṣú,
ó yà síbi òkúta ńlá;
gbogbo ibi tó yà sí, ènìyàn ti yà á síbẹ̀ ṣáájú.
Mo rí bàtà alága ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè.
Alága fúnra rẹ̀ wà nínú bàtà náà, ó lóṣòó.
Ó ní, "Pa iná yẹn."
Mo pa á. A kí ara wa nínú òkùnkùn.

Lọ́jọ́ kejì mo gbé ṣọ́bìrì,
mi ò fi kó nǹkan kan.
Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ṣáláńgá lẹ́yìn ilé wa.
Ilẹ̀ Ìjárá le, ìka ọwọ́ mi ti bó.
Tèmi-yé-mi jókòó sétí kòtò,
ó ti jẹ orí ẹja yó,
ó ń wo yẹ̀pẹ̀ tí mò ń dà jáde
bí ẹni tí wọ́n fẹ́ ti ilé oúnjẹ mọ́.

Ní àná, ọmọ àbúrò mi ṣu sí ìloro.
Kí n tó dé ibẹ̀, ìyá àgbà ti súfèé.
Ajá na etí. Ó wò mí. Ó wo ìyá àgbà.
Ó tún wò mí.